Orí Karùn-ún: Oògùn Ojoojúmọ́ àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìséwu

Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé oògùn kan wà tí yóò máa lò lójoojúmọ́, bóyá títí láé, ni orí yìí ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí wárápá ń bá jà, ẹni tó ń lo oògùn tó ń ki kòkòrò HIV mọ́lẹ̀. Ó ń bá ọmọ tàbí ìyàwó tó ń tọ́jú oògùn fún àgbàlagbà ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Mo fi Kankon ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tó wà lójú ọ̀nà tó ti Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ní ẹnubodè Benin, nítorí pé ọ̀nà méjì ni oògùn ń gbà wọlé síbẹ̀. Èèyàn lè ra ti oṣù yìí ní Àgbádárìgì, kó ra ti oṣù tó ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu ní Benin nígbà tó bá lọ tajà, kí ọmọ rẹ̀ tó wà lÉkòó sì tún fi òmíràn ránṣẹ́. Àìsàn kan ṣoṣo, páálí mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta.

Ohun tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ohun tí mo ní í sọ ni pé kí ẹ mọ orúkọ gidi oògùn yín àti agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe tirẹ̀ ní "èyí funfun kékeré yẹn" kò tíì lè dáàbò bo ara rẹ̀, torí pé ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe oògùn kan náà ní àwọ̀ mìíràn, oògùn mìíràn pátápátá sì lè funfun kó sì kéré bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ wá ìwé kékeré kan tó ṣeé ká sínú àpò, àti bírò. Ẹ wá ike oníderí tó dé dáadáa. Ẹ mú káàdì ọsibítù yín àti gbogbo ìwé tí dókítà ti kọ oògùn sí. Fóònù tó ní àláàmù wúlò, kì í ṣe dandan kó jẹ́ olówó ńlá. Bí agbára bá ká a, ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́. Bí kò bá sí owó rẹ̀, ẹ máa lọ wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé jáde. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí: tòní, tàná, èyí tó ṣẹ́kù láti èṣí, oògùn ara ríro, fítámì, agbo inú ìgò, ẹ̀bù inú náílọ̀n. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí, wọ́n á kó oògùn dókítà nìkan, wọ́n á fi ìyókù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ara tó ń gba gbogbo wọn kò mọ èyí tó ti ọsibítù wá àti èyí tó ti ọjà wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ẹ̀yìn káàdì oògùn

Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, kí ẹ mú káàdì kan. Orúkọ ńlá tó kọ́kọ́ hàn síni sábà máa ń jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi pè é. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ mìíràn tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ. Ìyẹn gan-an ni orúkọ oògùn náà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, 5 mg tàbí 500 mg, ni agbára rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, wọ́n ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Norvasc. Ní àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, Amlor ni ilé iṣẹ́ kan náà ń pè é. Ẹ yí ẹ̀yìn méjèèjì padà, amlodipine ni wọ́n kọ sí i. Lasix tibí àti Lasilix tọ̀hún, furosemide ni àwọn náà. Ẹni tó bá rò pé oògùn méjì ni, tó ń lo Norvasc láàárọ̀ tó sì ń lo Amlor lálẹ́, ti sọ oògùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa wú, kí òòyì máa kọ́ ọ, kó ṣubú bó ṣe ń dìde lórí ibùsùn. Ti furosemide tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé yóò tọ omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ dànù.

Ẹ tún wo etí káàdì náà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ tí oògùn náà kò ní ṣeé lò mọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ EXP; lára ti Faransé, ẹ lè rí PER. Bí ẹ bá ń yọ hóró oògùn, ìkángun kejì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí etí tó ní ọjọ́ lára lè ṣẹ́kù títí dé hóró tó gbẹ̀yìn. Bí ẹlẹ́kẹ́míìsì bá fi sáásì gé hóró mẹ́rin fún yín lára káàdì, tó sì jẹ́ pé ibi tí kò sí orúkọ tàbí ọjọ́ ló gé, ẹ dá a padà fún un. Ẹ ní kó gé ibi tí ìwé wà, tàbí kí ẹ ra odidi káàdì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ojú ìwé kan ti tó. Fún oògùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ gidi, agbára, àìsàn tó wà fún, iye hóró, àti àkókò. Báyìí ni ìlà kan yóò rí:

Amlodipine 5 mg. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Hóró kan láràárọ̀.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ fi bírò pupa kọ oògùn tí kò bá ara yín mu rí, èyí tó mú kí ara yín sú tàbí kí ojú wú. Ẹ kọ agbo tí ẹ ń mu pẹ̀lú. Bí ẹ ò bá mọ̀wé, kí ọmọ ilé ìwé kan kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ orúkọ náà lórí títí yóò fi yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Àwọn ìyá tó ń ka owó Sẹ́fà mọ́ náírà lórí láìlo bírò kò ní kùnà láti mọ orúkọ oògùn mẹ́ta.

Ìwé yìí ni ẹ ó máa fi han dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn níbikíbi tí ẹ bá dé. Tí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù méjì, ó ti di dandan, torí pé ti àkọ́kọ́ kò mọ ohun tí ti kejì kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike, ẹ gbé e lọ bá apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì, yálà ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín tàbí ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Àgbádárìgì. Ẹ fẹ́ mọ iṣẹ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹ bá gbàgbé, ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ lò mọ́ ọn, àti àmì tó yẹ kó gbé yín dé ọsibítù kíákíá. Ẹ ní kí wọ́n bá yín sọ ọ́ lédè tó yé yín, ìbáà ṣe Ègùn tàbí Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ padà fún wọn báyìí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi bóyá mo gbà á bó ṣe yẹ." Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti ń sọ ọ́ padà ni àṣìṣe ti máa ń yọjú. Ẹnì kan lè gbọ́ "ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́", kó sì lọ gbé hóró méjì mì pọ̀ láàárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan láàárọ̀ ọ̀kan lálẹ́ ni wọ́n wí.

Ẹ má fi ẹlẹ́kẹ́míìsì àdúgbò rọ́pò apòògùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún un wà fún ọjà bíi paracetamol àti oògùn ikọ́. Kò kan fífi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan pààrọ̀ òmíràn fún yín nítorí pé tiyín ti tán nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ so oògùn mọ́ ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́

Ẹni tó ń fọ eyín láràárọ̀ kò ní gbàgbé, kó fi ike oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, bí kò bá ti jẹ́ inú balùwẹ̀. Kí onígàrí so tirẹ̀ mọ́ ìgbà tó bá fẹ́ dáná. Apẹja ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Bí ó bá ń lo oògùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀, irú bíi Moduretic tàbí furosemide, tó sì gbé e mì kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí, yóò jìyà lórí omi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé yóò kàn pa oògùn tì lọ́jọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀. Kó sọ ọ́ fún dókítà. Ó ṣeé ṣe kí dókítà sún un sí ọ̀sán tó bá ti dé láti ojú omi. Kó má sún un sí alẹ́ o, kò ní sùn.

Metformin, ẹ lò ó mọ́ oúnjẹ, inú kò ní rú yín bẹ́ẹ̀. Glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Bí kò bá sí oúnjẹ, ẹ má lò ó.

Bí ẹ bá gbàgbé oògùn tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí ẹ sì rántí lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó. Bí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́, ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé méjì mì láti fi dí èyí tí ẹ gbàgbé. Ti abẹ́rẹ́ insulin àti ti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yàtọ̀, ẹ béèrè tiwọn lọ́wọ́ dókítà kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ra òmíràn kí ti ọwọ́ tó tán

Ìgbà tó bá ku ti ọjọ́ mẹ́wàá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Mo mọ̀ pé ibi tí bàtà ti ń ta ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́sẹ̀ nìyí. Láti ọdún 2023, tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ tí náírà sì já wálẹ̀, iye owó oògùn ti ga kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ ọjọ́ kan lè máa gbé sọ́rùn. Ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ wá dá fún ara wọn ni pé kí wọ́n gé oògùn sí méjì, tàbí kí wọ́n lò ó lónìí kí wọ́n fo ọ̀la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà pé owó kò tó. Ó lè kọ oògùn tí orúkọ gidi rẹ̀ jẹ́ bákan náà ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì, tàbí kó yọ èyí tí kò pọn dandan mọ́ kúrò. Ẹ béèrè nípa Ìlera Èkó pẹ̀lú, ètò ìdójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó, àti oògùn tí yóò bá yín san owó rẹ̀.

Ní ti gígé oògùn, ewu kan wà níbẹ̀ tí kò hàn síta. Àwọn hóró kan wà tí wọ́n ṣe kó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ ó rí SR, XR, MR tàbí Retard lẹ́yìn orúkọ wọn. Tó bá jẹ́ láti òdìkejì Sẹ̀mẹ̀, LP ni wọ́n máa kọ. Nifedipine Retard jẹ́ ọ̀kan tó wọ́pọ̀. Bí ẹ bá gé e, tàbí ẹ lọ̀ ọ́ fún àgbàlagbà tí kò lè gbé oògùn mì, gbogbo agbára rẹ̀ yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ ríru lè já wálẹ̀ lójijì débi tí ẹni náà yóò dákú. Kí ẹ tó gé hóró oògùn kankan, ẹ béèrè.

Ibi tí ẹ ó ti rà á

Ẹ ra oògùn níbi tó ní àdírẹ́sì, tí ẹ lè padà sí, kí wọ́n sì fún yín ní rìsíìtì. Ẹ má rà á nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má rà á lórí àtẹ nínú oòrùn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn, lára páálí. Àwọn páálí kan ní ibi tí a ń họ, tí nọ́ńbà yóò yọ síta. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ lórí fóònù síbi tí wọ́n kọ sára páálí náà, èsì yóò sọ fún yín bóyá ojúlówó ni. Ọdún 2010 ni NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, síbẹ̀ mo ń rí ẹni tó ń ju páálí nù láìhọ ọ́.

Gbogbo Àgbádárìgì ló mọ kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé sínú kẹ́ẹ̀gì kọjá ẹnubodè. Oògùn kpayo wà pẹ̀lú. Lọ́dún 2017, ìjọba Benin kọ lu Adjégounlè, ọjà oògùn àtẹ ní Kútọnu, wọ́n kó ẹrù oògùn ńlá níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀hún nìkan: ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà lÉkòó pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba. Nítorí náà, ẹ má sọ pé torí pé ó ti òkè òkun tàbí òdìkejì wá ló ṣe dára, ẹ má sì sọ pé torí ẹ̀ ni kò dára. Ilé oògùn tó ní àṣẹ wà ní Kútọnu bó ṣe wà ní Àgbádárìgì. Bí ẹ bá rà á lọ́hùn-ún, ẹ gba rìsíìtì, ẹ fi orúkọ gidi àti agbára rẹ̀ wé ohun tó wà nínú ìwé yín kí ẹ tó lo hóró kan.

Ìtọ́jú oògùn lẹ́bàá òkun

Atẹ́gùn òkun àti ọ̀sà ní ọ̀rinrin àti iyọ̀, ó sì lè ba oògùn jẹ́. Ẹ má ṣe tú oògùn kúrò nínú káàdì rẹ̀ sínú ìgò kan náà pẹ̀lú òmíràn. Bí ó bá wá nínú ìgò, tí ẹ rí àpò kékeré tó ń gba ọ̀rinrin, ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé jẹ ẹ́. Ẹ gbé ike oògùn jìnnà sí abẹ́ páànù, iwájú mọ́tò àti balùwẹ̀, síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Insulin ni kó ká yín lára jù. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, fìríìjì ni ilé rẹ̀, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Selsíọ̀sì. Kó má kan áìsì o. Èyí tó bá ti dì, ẹ jù ú nù, bó tilẹ̀ ti yọ́ padà. Èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ lè wà níta níbi tó tutù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Ẹ lè ti gbọ́ nípa ìkòkò amọ̀ méjì tí wọ́n ki yanrìn tútù sí àárín wọn, èyí tí Mohammed Bah Abba fi gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ní Jigawa, ibẹ̀ gbẹ, omi ara ìkòkò ń fẹ́ lọ, inú rẹ̀ sì ń tutù. Ní Kankon, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, ìkòkò náà kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí iná kò bá dúró, ẹ má ra insulin kọjá ti oṣù kan, ẹ sì wá ilé tó ní fìríìjì olóòrùn tàbí ilé ìwòsàn tó lè bá yín tọ́jú ìyókù.

Ìkìlọ̀

Ẹ má dáwọ́ oògùn dúró lójijì fúnra yín. Ẹni tó bá dá ti wárápá dúró lè ní gìrì léraléra láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó ń fo ti HIV ń fún kòkòrò náà láyè láti kọ́ bí yóò ṣe borí oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kì í sábà dunni, àfi bí rọpárọsẹ̀ bá dé tàbí kíndìnrín bá ti bàjẹ́. Ara tó yá kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí mọ́. Ẹ̀rọ ló lè sọ ọ́: ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé apá lé tábìlì, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ń kọjá 140/90 léraléra, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ara ríro. Ẹni tó fa àwọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro ó á fẹ́ lo diclofenac tàbí ibuprofen. Àwọn méjèèjì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́ bí èèyàn bá ń lò wọ́n pẹ́, pàápàá mọ́ oògùn tó ń mú ni tọ̀. Alábùkún, tí Jacob Odùlatẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1918 tí kò sì sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, aspirin ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kaféènì. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ máa pọ́n ọn lá láìbéèrè. Paracetamol, bí a bá lò ó ní ìwọ̀n tó yẹ, dára ju wọ́n lọ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti agbo, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó da ti bàbá rẹ̀ nù. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí dókítà mọ̀ sí i. Agbo tí wọ́n fi ọtí líle bí ògógóró tàbí sódàbì rẹ, bí onítọ̀ ṣúgà tó ń lo Daonil bá mu ún lórí òfo inú, lè já ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ dé ibi tó léwu. Ààwẹ̀ pẹ̀lú: kí Rámádàánì tàbí ààwẹ̀ ìjọ tó wọlé ni kí ẹ ti lọ bá dókítà, kó tún àkókò oògùn yín tò. Wòlíì tàbí àlùfáà tó bá ní kí ẹ da oògùn nù, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ gbàdúrà rẹ̀, kí ẹ sì máa lo oògùn yín lọ.

Bí ara onítọ̀ ṣúgà bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, ṣúgà rẹ̀ ti lè wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL. Ẹ fún un ní ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí kò bá tíì bọ̀ sípò, ẹ tún fún un, kó sì jẹun lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pe 112 tàbí 767, kí ẹ máa wá ọkọ̀ lọ.

Ẹni tó ń lo lisinopril tàbí oògùn tí orúkọ rẹ̀ parí sí "pril", bí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú, kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀ kó sì sáré lọ sí ọsibítù, torí ó lè dí ọ̀nà èémí. Obìnrin tó bá lóyún kò gbọdọ̀ lo irú oògùn yìí. Bí nǹkan oṣù yín kò bá dé, ẹ tètè lọ sọ. Ẹni tí apá kan ara rẹ̀ rọ lójijì, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ má dúró fún ilẹ̀ kó mọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ lọ́dún 2003 pé ní àwọn ilẹ̀ olówó pàápàá, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òmùgọ̀ ni òun torí pé òun fò ó. Ẹ kàn sọ òótọ́ nígbà tí dókítà bá béèrè, torí bí ẹ bá ní ẹ ń lò ó tí ẹ kò lò ó, yóò rò pé oògùn náà kò lágbára tó, yóò sì fi èyí tó le kún un.

Àwọn kan kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ ọjọ́ ọsibítù, kí wọ́n lè "bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lò ó". Ohun tí ẹ̀rọ bá wọ̀n lọ́jọ́ náà kò ní jẹ́ òótọ́. Ẹ lò ó bí ìṣe, àfi bí wọ́n bá ti sọ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun nítorí àyẹ̀wò ṣúgà, oògùn ṣúgà nìkan ló máa dúró de oúnjẹ. Ẹ béèrè nípa ìyókù.

Orí fífọ́ kì í ṣe ìdí láti gbé hóró kún ti ọjọ́ náà. Oògùn aládùúgbò kì í ṣe tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn kan náà ló ń ṣe yín, torí kíndìnrín yín lè má rí bíi tirẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí dókítà bá ti yí oògùn yín padà, tàbí lẹ́yìn tí ẹni tó ni í bá ti di olóògbé, ẹ má fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ẹ má sì dà á sínú ọ̀sà. Ẹ kó o lọ fún apòògùn tó tà á, kí ẹ sì fa igi lé ìlà rẹ̀ nínú ìwé kékeré yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ dá a dúró.